Àmì dúdú mẹ́rin lójú sánmà: ṣé mo lè nu sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi fúnra mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀pà ni mo ń gbé, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ní Sátidé tó kọjá, mo ya ìgbéyàwó kan ní Ìsánlú. Àwọn fọ́tò inú ṣọ́ọ̀ṣì dára, àmọ́ gbogbo èyí tí mo yà níta ló ní àmì dúdú mẹ́rin lójú sánmà, ojú kan náà ni wọ́n sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Mo nu lẹ́ǹsì títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo yá lẹ́ǹsì ọ̀rẹ́ mi, pàbó. Ẹnì kan ní kí n fi owú àti sípírítì nu sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán. Ẹnì kejì ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Ẹnì kẹta ní bí ọwọ́ bá ti kan sẹ́ńsọ̀ pẹ́nrẹ́n, kámẹ́rà kú nìyẹn, Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tí mo ní rèé, Canon ni, irú èyí tó ní jígí nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣe é nílé?

Okun o, àbúrò. Fọkàn balẹ̀ ná. Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, kò sí èyí tí tirẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tó ní kó o lo owú àti sípírítì máa kó ọ sí wàhálà kékeré. Ẹni tó ní kó o lọ sọ́dọ̀ alátáyà máa kó ọ sí ńlá. Ẹni tó ní Èkó nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà á, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí ẹ̀rù yẹn ti gba kámẹ́rà púpọ̀ là. O lè ṣe é nílé. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni àsìkò tó o fẹ́ ṣe é, láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́ yìí. Màá dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tó o ti ṣe dáadáa, bóyá o ò tiẹ̀ fura: o pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Bí àmì bá dúró sójú kan náà lẹ́yìn tí lẹ́ǹsì ti yí padà, ẹjọ́ lẹ́ǹsì kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti fi ẹ̀wù ha ojú lẹ́ǹsì wọn báyìí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí lẹ́ǹsì ò dá. Eruku tó bá wà lójú lẹ́ǹsì kì í sábà hàn nínú fọ́tò bí àmì tó dá dúró, torí ó ti sún mọ́ dígí jù, kámẹ́rà ò lè rí i ṣáká. Bó bá pọ̀ gan-an, ó kàn máa ń sọ fọ́tò di bàìbàì nígbà tó o bá kọjú sóòrùn. Eruku mìíràn tún wà tó ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú, ìyẹn èyí tí wọ́n ń rí bí wọ́n bá fojú sí ihò tí a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yà, tí kò sì hàn nínú fọ́tò rárá. Orí jígí ni ìyẹn wà, tàbí lára àwo kékeré tó wà lókè rẹ̀. Fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwo yẹn rọ̀, kíá ló ń ha, eruku orí rẹ̀ kò sì ba fọ́tò kankan jẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù yìí wá ńkọ́? Bó o bá ṣí inú kámẹ́rà wò, ohun tó ń dán yinrin lójú rẹ kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ gan-an. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó lójú. Orí dígí yìí leruku ń bà lé, òun náà la sì ń nù. Bó bá jẹ́ pé Canon kékeré nìwọ ní, gbogbo ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi milimítà 22 ní ìbú àti 15 ní gíga lọ. Ti àwọn ńlá jẹ́ 36 sí 24. Nítorí pé orí dígí leruku dúró sí, tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òjìji eruku lò ń rí nínú fọ́tò. Tan tọ́ọ̀ṣì kékeré lálẹ́, kó o na ìka rẹ síwájú ògiri, òjìji ìka yóò mú ṣáká. Na ìka kan náà lọ́jọ́ tí ìkúùkù bo gbogbo ojú ọ̀run, o ò ní rí òjìji kankan. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn níbi ìgbéyàwó tó o yà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ ò tó, o ṣí ihò lẹ́ǹsì gbayawu, bóyá dé f/2.8 tàbí f/4 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó), ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé, òjìji eruku fọ́nká, o ò rí i. O jáde sínú oòrùn, o fún ihò náà dé f/11 tàbí f/16, ìmọ́lẹ̀ wá ń gba ojú kékeré kan wọlé bíi ti tọ́ọ̀ṣì, òjìji mú. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bá ọ jáde.

Fíìmù lèmi fi kọ́ṣẹ́ yìí ní Kabba. Nígbà yẹn, bí eruku bá bà lé fíìmù, fọ́tò kan ló bà jẹ́. Bó o bá ti wé fíìmù síwájú, eruku ti bá a lọ nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ kì í yí padà. Ojú kan náà ló fi ń gba gbogbo fọ́tò láti ọjọ́ tó o ti rà á, kò sì sí kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì tí eruku kì í wọ̀. Tiwa níbí tún wá le sí i. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku ojú títì wa nìkan, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń ti agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé wá ní orílẹ̀-èdè Chad, ibi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Ó kúnná ju àtíkè lọ. Kò pọn dandan kó o wà níta kó tó bá ọ, ó wà nínú yàrá, lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú báàgì kámẹ́rà. Fi eruku pupa tiwa kún un, èyí tí àwọn tírélà ń dà sókè lọ́nà Kabba sí Lọ́kọ́jà, kó o wá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti pààrọ̀ lẹ́ǹsì.

Ní tèmi o, ohun tí mo fura sí jù ni ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì. Bó o bá yọ lẹ́ǹsì kan, níbo lò ń ju ìdérí rẹ̀ sí? Àpò ṣòkòtò ni. Nínú àpò ṣòkòtò, ó bá owó, ìyẹ́ aṣọ, àti èèpo ẹ̀pà pàdé. O mú un jáde, o fi dé ìdí lẹ́ǹsì, o gbé lẹ́ǹsì náà sí orí kámẹ́rà lọ́la, gbogbo ẹrù inú àpò ti wọlé. Mo ti mú ìdérí kan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, mo gbọ̀n ọ́n sórí páálí dúdú, ohun tó já bọ́ sílẹ̀ tó láti fi gbin ẹ̀fọ́. Èmi náà ò mọ́ níbẹ̀ o. Ní Ògìdì, lọ́jọ́ ọdún ìlú, mo dúró kọjú sí atẹ́gùn lórí àpáta, mo ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì bí ẹni tó ń bọ́ bàtà. Nígbà tí mo délé, mo ka àmì méje.

Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n wà. Fi kámẹ́rà sí f/16 tàbí f/22, fi ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, pa ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì máa wá ojú fúnra rẹ̀, kó o sì fi ọwọ́ yí i títí ohun gbogbo yóò fi di bàìbàì. Ya ògiri funfun tàbí sánmà tí kò ní ìkúùkù. Bí kámẹ́rà bá ní òun yóò pẹ́ kóun tó yà á tán, má bá a jà, kódà máa mi kámẹ́rà díẹ̀ bó ṣe ń yà á lọ́wọ́, kí àléébù ara ògiri lè parẹ́. Eruku kò ní parẹ́, torí òun àti sẹ́ńsọ̀ jọ ń mì ni. Gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, fẹ̀ ẹ́, wò ó láti igun dé igun. Má ṣe sọ pé mi ò kìlọ̀: wàá rí ju mẹ́rin lọ. Gbogbo èèyàn ló ń rí ju iye tí wọ́n rò. Èyí tó bá hàn ní f/22 nìkan, tí o kì í sì í ya fọ́tò ní f/22, ọ̀rọ̀ rẹ kọ́ nìyẹn. Tún fi sọ́kàn pé ojú fọ́tò máa ń dorí kodò lórí sẹ́ńsọ̀. Àmì tó wà lókè fọ́tò, ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ leruku rẹ̀ wà. Bó o bá dúró níwájú kámẹ́rà tó o ń wo inú rẹ̀, òsì ṣì jẹ́ òsì. Sánmà rẹ tó kún fún àmì, ìsàlẹ̀ ni kó o ti wá wọn.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Láti bíi ọdún 2006 ni Canon ti ń fi ohun tó ń gbọn dígí orí sẹ́ńsọ̀ sínú àwọn kámẹ́rà rẹ̀, Olympus sì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní 2003. Bí tìrẹ bá ní in, wàá rí i nínú mẹ́nù. Gbé kámẹ́rà jókòó sórí tábìlì, ìdí rẹ̀ nílẹ̀, kó o mú un ṣiṣẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó o tún ya ògiri. Eruku gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé e máa ń já. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kì í dá a lóhùn.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń parí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Ra ẹwìrì kékeré tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí wọ́n ń pè ní blower. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lo rọ́bà tí a fi ń fa ikun nímú ọmọdé. Bó bá jẹ́ tuntun, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n àtíkè máa ń wà nínú òmíràn láti ilé iṣẹ́ wá, nítorí náà fọ̀ ọ́, kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kó o sì máa fún un dànù sínú afẹ́fẹ́ títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yàrá. Yàrá ló ṣòro láti nù ju sẹ́ńsọ̀ lọ. Nínú ọyẹ́, bó o bá ṣí kámẹ́rà ní pálọ̀, eruku tó máa wọlé lè ju èyí tó o fẹ́ lé jáde lọ. Ilé ìwẹ̀ lèmi ń lò. Lẹ́yìn tí èèyàn ti wẹ̀ tán, tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí ọ̀rinrin ti lọ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n tí eruku ti bá omi lọ, mo máa ń ti wíńdò, mo pa fáànù, mo bọ́ ẹ̀wù olówùú, mo fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Má fi ìpara pa ọwọ́.

Bátìrì ni kó o wò gbẹ̀yìn kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kó kún dẹ́nu. Nínú kámẹ́rà oníjígí bíi tìrẹ, bó o bá yan ìnusẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́ nínú mẹ́nù, jígí á gbéra sókè, ṣọ́tà á ṣí bí aṣọ ìkélé, iná bátìrì ló sì dì wọ́n mú. Bí bátìrì bá kú lójijì, méjèèjì á já lulẹ̀ sórí ohunkóhun tó wà níbẹ̀, aṣọ ìkélé yẹn kò sì nípọn ju ewé lọ. Má sọ pé o máa ṣe é kí NEPA tó mú iná lọ. Gba iná sí bátìrì lálẹ́, kó o ṣe é láàárọ̀. Bó bá ti ṣí, dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, kó o máa fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, kí ohun tó bá já lè bọ́ sílẹ̀. Ẹnu ẹwìrì kò gbọ́dọ̀ wọ inú kámẹ́rà. Fún un gírígírí bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, gbé lẹ́ǹsì padà, pa kámẹ́rà, tún ya ògiri. Bí mẹ́rin bá di kan, má tún lọ síwájú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tún lọ síwájú lónìí.

Má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ tín-ínrín tí o kò rí á bà lé e, á gbẹ síbẹ̀, ẹwìrì ò sì lè ṣí i kúrò mọ́, ìgbà yẹn ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nílò omi tí wọ́n ṣe fún ìnùsẹ́ńsọ̀. Má lo agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, omi tútù inú rẹ̀ lè tú sórí dígí. Ti àwọn tó ń lẹ táyà ńkọ́? Omi àti ọ́ìlì ń bẹ nínú táǹkì yẹn, agbára rẹ̀ sì wà fún táyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kámẹ́rà wá bá mi lẹ́yìn tó ti ṣe é tán: abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ṣọ́tà ti ká sókè bí ewé tí iná rà, ọ́ìlì sì ti kán sí dígí bí ọbẹ̀. Mi ò lè tún ṣọ́tà ṣe, mo kàn bá a kẹ́dùn ni. Owú orí igi tí a fi ń nu etí máa ń fi irun sílẹ̀. Sípírítì tí wọ́n ń tà fún ojú egbò ní omi àti àró nínú, bó bá gbẹ, á fi ojú aláwọ̀ sílẹ̀. Acetone tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, má gbé e sún mọ́ kámẹ́rà rárá, ó ń jẹ rọ́bà.

Swab ló kù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó ní aṣọ tí kì í já irun lórí. Ó ní ìwọ̀n: milimítà 16 fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, 24 fún ńlá. Rà èyí tó bá tìrẹ mu, kó lè kárí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi tó bá a rìn sábà máa ń jẹ́ methanol, májèlé ni, iná sì ń tètè ràn án, nítorí náà kò sí àbẹ́là, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, kò sì sí ọmọdé. Kán ẹ̀kán méjì sí etí swab, kà dé mẹ́wàá kó fi mu ún. Gbé e sí etí kan, fi agbára tó o fi ń kọ̀wé pẹ̀lú báírò tẹ̀ ẹ́, fà á lọ dé etí kejì láìdúró. Yí i padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́, fà á padà. Ó tán. Jù ú nù.

Ìjùnù yẹn lọ̀rọ̀ wà. Owó swab máa ń dunni, torí náà ni mo ṣe mọ bó ṣe ń rí. Lọ́dún kan, mo fi ọ̀kan nu kámẹ́rà mi, àmì kan kù ní igun, mo sì wò ó pé etí swab yẹn ṣì mọ́. Mo tún fà á. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré kan, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà lábẹ́ bàtà lórí táìsì. Ìlà tó fà gùn bí ìdajì èékánná, láti f/8 ló sì ti ń hàn nínú gbogbo fọ́tò. Dígí náà ni wọ́n pààrọ̀ nílùú òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ò ní kámẹ́rà, oṣù Ọ̀pẹ sì ni, oṣù ìgbéyàwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí a máa fẹ́ ẹ kó tó kan omi nígbà gbogbo: hóró iyanrìn ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn náà tí n kò fi fẹ́ kí ẹni tí kò tíì ṣe é rí fi swab kọ́ṣẹ́ nínú ọyẹ́.

Fún àwọn tó ń lo èyí tí kò ní jígí, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì, gbangba ni sẹ́ńsọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn kan ṣọ́tà máa ń pa á mọ́ bí kámẹ́rà bá kú, ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́tà náà. Nínú èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń mì kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n má bàa hàn, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ.

Kì í ṣe gbogbo àmì ló jẹ́ eruku o. Bó bá jẹ́ ojúàmì kékeré aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé tó ń tàn, ara sẹ́ńsọ̀ ni, ìnù kankan ò lè mú un kúrò. Bó bá rí bí òwú tó ká, ìyẹ́ aṣọ ni, ẹwìrì á gbé e. Bó bá rí roboto, tí àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ tí etí rẹ̀ dúdú, fura sí ọ́ìlì láti inú ṣọ́tà. Swab nìkan ló ń gbọ́ ìyẹn, ó sì lè padà wá. Ẹ ó rántí Nikon D600 tó jáde ní 2012, tí àwọn tó rà á pariwo nítorí irú àmì bẹ́ẹ̀, kí D610 tó tẹ̀ lé e ní 2013 pẹ̀lú ṣọ́tà tuntun. Bó bá sì rí bí okùn aláǹtakùn tó ń yọ ẹ̀ka, olu ni, àsìkò òjò ló ń hù ú. Ìyẹn kọjá ilé. Èyí tó bá ti bọ́ sáàárín dígí àti sẹ́ńsọ̀ náà kọjá ilé. Fọ́tò tìrẹ tó o ṣàpèjúwe jọ eruku lójú mi, ṣùgbọ́n èmi ò rí i.

Fọ́tò ìgbéyàwó yẹn kò nílò ìnù rárá. Ojú kan náà ni àmì wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà bó o bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ nínú ọ̀kan lórí Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ó lè bá ọ pa á rẹ́ nínú èyí tó kù. Kìkì kó o ṣọ́ra kó má lọ pa imú ìyá ìyàwó rẹ́. Bí fóònù nìkan lo ní, Snapseed ní ohun tó ń ṣe é, á kàn gba sùúrù. Àwọn kan ń fi àmì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn sì ń lọ. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Rírán kámẹ́rà lọ sí Èkó tàbí Àbújá náà dára, bó o bá mọ ẹni tó máa ṣe é, àmọ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo tí wọ́n gbé fún dírẹ́bà ní gáréèjì, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju swab lọ.

Nítorí náà, fọ ìdérí ẹ̀yìn gbogbo lẹ́ǹsì rẹ lálẹ́ òní pẹ̀lú ọṣẹ, kó gbẹ dọ́la. Ṣe ti gbígbọ̀n, ṣe ti ẹwìrì nínú ilé ìwẹ̀. Láti òní lọ, bó o bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, pa kámẹ́rà ná, wọ inú mọ́tò, kó o ti wíńdò rẹ̀, tàbí kó o kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kí ojú kámẹ́rà máa wo ilẹ̀. Má da ìrẹsì sínú báàgì láti fa ọ̀rinrin o, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ náà eruku ni. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, tí ọyẹ́ ti lọ, tí àmì kan sì ṣì kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbé kámẹ́rà wá sí Kabba. A ó jọ nù ún, kó o wo ọwọ́ mi kó o tó dán tìrẹ wò. Ra swab tìrẹ dání o, mi ò ní èyí tí mo fi ń ṣe sàráà.